Ara Pọ́ńpù Odò Rẹ Kò Yá

Ọmọ mi, ọkọ mi, àkọ́bí mi tó kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Mo kí ẹ o. Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú wàhálà àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, mo kí ẹ kú ìjókòó nídìí kọ̀ǹpútà, nítorí mo gbọ́ pé ìjókòó náà máa ń dun èèyàn lẹ́yìn. Bá mi kí ìyàwó wa, sọ fún un pé aṣọ tó fi ránṣẹ́ bá mi mu, apá rẹ̀ nìkan ló há díẹ̀, télọ̀ sì ti bá mi tú u. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fọwọ́ kàn wọ́n lórí, kí o sọ pé màmá àgbà ló ní kí o fọwọ́ kàn wọ́n. Omi ilé rẹ kò ní gbẹ, iná ilé rẹ kò ní kú, ibi tí o bá na ọwọ́ sí kò ní jìnnà jù fún ọwọ́ rẹ. Àwa náà wà níbí, à ń jí, à ń sùn, a dúpẹ́.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé ìwé lo rí dípò kí o gbọ́ ohùn mi. Mo ti pè ẹ́ lórí fóònù, o ní o wà nínú ìpàdé. Mo tún pè, o ṣì wà nínú ìpàdé. Mo bi bàbá rẹ pé irú ìpàdé wo lèyí tí kì í tú, wọ́n ní bóyá wọn kò tíì fẹnu kò sórí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jókòó ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò, nítorí ìwé kì í lọ sípàdé, orí tábìlì ló máa wà títí o fi máa dé. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kì í sì í ṣe ohun tí o lè ní kí n fi dìgbà míì, torí ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, tí o ti jókòó sínú mọ́tò tán, tí o tún sọ gíláàsì sílẹ̀, pé nǹkan yòówù kó jẹ́, kí n fara balẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pọ́ńpù, kí n má dúró rárá. Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù ni o. Ara pọ́ńpù odò rẹ kò yá.

Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ pọ́ńpù nìkan ni kí n kọ. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan nípa ara àwọn, pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ìròyìn ikọ́ dà láàmú. Mo sì ti ṣèlérí fún wọn. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹ pé wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, pé ìjókòó ni wọ́n fi ń sùn. Mi ò ní sọ pé ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé bàtà kankan kò gbà á. Mi ò sì ní sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, pé kí ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún kó tó pẹ́ jù. Gbogbo ìyẹn, mo gbé e jù sẹ́yìn. Pọ́ńpù ni mo wá sọ.

Kí n tó débẹ̀, ilé ńlá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mo ń ṣí fèrèsé rẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé, mo ń nu àwọn àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, mo sì ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí o ṣe ní ká máa ṣe nítorí táìlì. Atẹ́gùn òjò ká díẹ̀ nínú páànù ilé ìdáná tiwa, ṣùgbọ́n kò burú, ìkòkò ni mo gbé sábẹ́ ibẹ̀, tó bá kún mo máa ń fi fọ abọ́. Omi tí à ń mu, mo ṣì ń lọ pọn ọ́n wá láti ibi ẹ̀rọ tó wà ní oríta, torí o ti ṣàlàyé fún wa pé kànga inú ọgbà wà fún odò nìkan, kí omi rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀. A ò fọwọ́ kàn án. Iná tó ń ti ara oòrùn wá náà, pọ́ńpù ló ń lò ó bí o ṣe tò ó, tílẹ̀ bá sì ti fẹ́ ṣú, èmi àti bàbá rẹ á gbé àga wa lọ sábẹ́ gílóòbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù, a ó jókòó tì í bí ẹni lọ kí aládùúgbò, a ó sì kí i pé ó dàárọ̀ kí a tó padà sílé wa.

Àwọn èèyàn ṣì ń wá wo odò náà o. Mo mọ̀ pé o ní kì í ṣe odò, pé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ṣùgbọ́n omi tó bá ti lè bo èèyàn mọ́lẹ̀, odò la mọ̀ ọ́n sí. Télọ̀ bi mí pé irú ẹja wo lò ń sìn níbẹ̀. Mo ní kò sí ẹja. Ó ní ṣé ẹ̀ ń mu ún ni. Mo ní kò ṣeé mu, oògùn wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀ ń fi fọṣọ nìyẹn. Mo ní oògùn náà máa ń bó àwọ̀ aṣọ. Ó ní ta ló wá ń wẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ìwọ lo wẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o ṣílé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ya fọ́tò, láti ọjọ́ náà omi náà ló ń wẹ ara rẹ̀. Télọ̀ wá ní kí n bá òun kí ẹ, pé òun á máa fi ẹ́ sínú àdúrà.

Bàbá rẹ gan-an kò tètè lóye iṣẹ́ pọ́ńpù yẹn. Wọ́n rò pé ó ń fa omi náà lọ síbìkan ni, bóyá sí oko ẹnìkan. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn bí o ṣe ṣàlàyé fún mi, pé ó ń fa omi jáde nínú odò, ó ń gbé e gba inú àgbá oníyanrìn kọjá, ó sì ń dá a padà sínú odò kan náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, wọ́n ronú sí i dáadáa, wọ́n ní irú iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n máa ń gbọ́ nínú rédíò nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àánú rẹ̀ ti ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìgba nǹkan kan, ó yẹ ká máa kí i.

Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Tí ara rẹ̀ bá le, ó máa ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọrin sínú nídìí iṣẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í han, lẹ́yìn náà ó ń lọ̀ gìrìgìrì bí ẹni tí òkúta wà nínú ìrẹsì tó ń jẹ. O mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ ìlọgbàdo ni bàbá rẹ dàgbà sí, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọn kì í sọ pé àwọn mọ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n mi orí, wọ́n ní àárẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n máa pa á lọ́sàn-án kó lè sinmi, kí n sì máa fi ìborùn mi tó nípọn bò ó bí òtútù bá ń bọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wé e dáadáa, mo ti etí aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀ yíká, kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà yọ ọ́ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ gbóná janjan. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e bí a ṣe ń gbé e lé ọmọdé níwájú orí, mo yọ ọ́ kíá. Mo ní ibà nìyí. Mo rẹ aṣọ ìnura sínú omi tútù, mo fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi nù ún lára, mo ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, á lọ, á lọ. Nǹkan kan gbọ̀n mí láti ọwọ́ dé èjìká, ó tì mí jókòó sílẹ̀. Mo rò pé inú ló ń bí i pé mo jí i lójú oorun. Bàbá rẹ ní ìwà aláìsàn ni, kí n má gbà á sí ìbínú.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ọ̀rọ̀ méjì ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù. Bàbá rẹ kò tíì fún mi lófin nígbà náà. Èkíní, mo kọ ọ́ pé bàbá rẹ wúkọ́ mọ́jú, pé èémí ń wọ́n wọn tí wọ́n bá rìn dé ẹnu ọ̀nà. O dá èsì padà, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni, ó nà sókè. A wò ó títí. Bàbá rẹ ní ìtẹ̀ka ni, bí àwọn tí kò kàwé ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó dùn mí díẹ̀, torí gbogbo bí a ṣe ṣe làálàá kí o tó kàwé gboyè, mo rò pé ó yẹ kí o lè kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Bàbá rẹ ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀, pé bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àtàǹpàkò nìkan ló kù tó lókun.

Èkejì, mo kọ ọ́ pé pọ́ńpù ń pariwo. Mi ò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí o fi pè. O bi mí pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ohùn náà ń wá ń lọ ni àbí kò dáwọ́ dúró, ṣé ara rẹ̀ gbóná, ṣé ewé ti dí agbọ̀n tó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣé omi ṣì ń jáde tagbáratagbára. O ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn kí o lè gbọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé e sún mọ́ ọn, o sì tẹ́tí sí i. Ọmọ mi, mi ò gbọ́ kí o dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Ìpàdé kankan kò sí lọ́jọ́ náà. O ní ẹnjiníà ń bọ̀, ó sì dé kí a tó jẹun àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹnjiníà náà mọ iyì ara rẹ̀. Ó fi mọ́tò tó mọ́ wá, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ síwájú pọ́ńpù. Ó tú ìborùn mi kúrò lára rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tó bá mi níbi tí mo ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní atẹ́gùn ló fi ń tu ara, pé mo ti dí i nímú. Ó ní ẹni tó bá fi aṣọ tútù kan ohun tí iná wà lára rẹ̀ kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún bàbá rẹ pé kí wọ́n gbé àga wọn sún sẹ́yìn, pé pọ́ńpù nílò àyè. Bàbá rẹ sún, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ní kó máà bínú.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi kí n má baà dójú tì ẹ́ mọ́. Ó kọ́ mi lóòótọ́. Ó ní tí mo bá ti gbọ́ tó ń lọ̀ bí ẹni jẹ òkúta, bíárìn tó ń jẹ́ kí inú rẹ̀ yí ló ti jẹ, kí n má dúró kí ó dákẹ́ fúnra rẹ̀ torí kì í dákẹ́ fún ire. Ó ní kí n máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ abẹ́ rẹ̀, bí ilẹ̀ bá tutù níbẹ̀ nígbà tí òjò kò rọ̀, rọ́bà tó dí omi mọ́ inú rẹ̀ ti gbó. Ó mú mi lọ sí ẹnu ihò tí omi ti ń padà bọ́ sínú odò, ó ní kí n na ọwọ́ síbẹ̀, omi kò lágbára láti ti ọwọ́ mi, ó kàn ń rọra tu atẹ́gùn jáde, kutu, kutu. Ó ní ohun tí kò rí omi fà dáadáa ló máa ń fa atẹ́gùn mọ́ ọn. Tó bá sì ń gbóná, tó ń pa ara rẹ̀, tó bá tutù tán tó tún dìde, tó tún pa ara rẹ̀, kí n má sọ pé ó ti yá, ó ń tan mí ni. Èyí tó burú jù ni kó máa kùn lójú kan kó má lè yí. Ó ní tí mo bá gbọ́ ìyẹn, kí n pa á lójú ẹsẹ̀, kí n pe ẹni tó ni í.

Aago kan tún wà lára àgbá oníyanrìn yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti ń bínú sí aago náà, torí kò sọ àkókò tó tọ́ fún mi rí, ọ̀sán àti òru ibì kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà. Ẹnjiníà ní ìfúnpá ló ń wò. Mo ní pọ́ńpù náà ní ìfúnpá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá lọ sókè jù, ìdọ̀tí ti dí i lọ́nà, tó bá wálẹ̀ jù, agbára rẹ̀ ló ti ń tán. Inú mi dùn pé mo rí ẹni tó mọ̀ nípa nǹkan báyìí. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé bó ṣe kúkú wà nílẹ̀ yẹn, kó bá mi gbé etí lé àyà bàbá rẹ, torí ohùn tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti pọ́ńpù, ẹsẹ̀ wọn sì kún fún omi láìsí òjò. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí ọmọ yín rán mi. Ó pààrọ̀ bíárìn, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó ya fọ́tò pọ́ńpù ránṣẹ́ sí ẹ, ó sì lọ.

Nọ́ọ̀sì wá lọ́sẹ̀ náà. Ó wé nǹkan mọ́ bàbá rẹ lápá, ó ń fún un, mo rí i pé aago tó wà lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àgbá oníyanrìn rẹ. Kí ó tó la ẹnu ni mo bi í pé ṣé ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà ni, àbí agbára ló ti ń tán. Ó wojú mi. Ó ní agbára ni, mà, pé ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi dúró sí ẹsẹ̀ àti àyà wọn. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní ẹnjiníà odò. Ó ní oògùn tí òun lè fún wọn kò ju kí wọ́n fi mú un mọ́ra díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò kò sí lọ́dọ̀ àwọn, kí a má fi falẹ̀. Mo bẹ bàbá rẹ pé ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ àwọn bí àlejò tí wọn ò retí, pé tí ọmọ bá fẹ́ bàbá rẹ̀, á wá mú un. O mọ bí wọ́n ṣe lágídí tó, ibẹ̀ náà ni ìwọ ti rí tìrẹ mú. Wàyí o, mo mọ̀ pé mo ti ń sọ ohun tí mo ní mi ò ní sọ.

Jẹ́ kí n sọ ti kámẹ́rà. Èyí tí o kàn mọ́ ògiri tí o ní wàá fi máa rí wa. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń lọ kí ẹ níbẹ̀. Mo máa ń wẹ̀, màá wọ aṣọ tó dáa, màá dúró níwájú rẹ̀, màá sọ bí a ṣe jí fún ẹ, màá bi ẹ́ bí àwọn ọmọ ṣe sùn. Mo ti ròyìn gbogbo ẹsẹ̀ wíwú àti èémí níbẹ̀, mo tiẹ̀ sunkún díẹ̀, mo sì dúró kí o dáhùn. Télọ̀ ló rí mi lọ́jọ́ kan, tó ní màmá, ohun yìí kì í gbọ́ràn, ó kàn ń ríran ni. Ojú tì mí. Mo wá ní kò burú, tó bá jẹ́ pé ó ń ríran, kó rí i fúnra rẹ̀. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn lẹ́bàá odò. Mi ò sọ ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé àga wọn síbi tí ojú kámẹ́rà wà gan-an, níwájú pọ́ńpù, mo fi ìborùn wé wọn dé ọrùn torí òtútù, mo fa fìlà wọn bo etí. Oorun gbé wọn lọ níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù dún. Mo sáré gbé e, inú mi ti ń dùn, mo ní ó ti rí wọn, ọmọ mi ti rí wọn. O kí mi. O ní ẹnìkan gbé àga kan síwájú pọ́ńpù, wọ́n sì di ẹrù lé e, o ò rí ìdí pọ́ńpù mọ́, kí n bá ẹ gbé e kúrò. Mo ní mo ti gbọ́. O ní ẹ ṣeun, màmá, mò ń wọ ìpàdé.

Bàbá rẹ jí, wọ́n bi mí pé ta ló pè. Mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní kí lo wí. Mo ní o rí wọn nínú kámẹ́rà, o ní kí n kí wọn, o ní fìlà wọn yẹ wọ́n. Ọmọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fìlà náà ṣe, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n juwọ́ sí ẹ, wọ́n tún juwọ́. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo di àga wọn mú. Mi ò tíì sọ fún wọn pé irọ́ ni.

Pọ́ńpù rẹ wá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò pariwo, ó ń kùn lójú kan ni, kò yí. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, mi ò fi ìborùn bò ó, mi ò fi omi nù ún, mo pa á lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹnjiníà pè pé o rí i nínú kámẹ́rà pé omi kò rìn mọ́, pé o ti rán òun, pé òun ń bọ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ẹni tó ni pọ́ńpù ń bọ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀. Omi náà ti ń di àwọ̀ ewé báyìí. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti wọ inú rẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ fàlàlà. Télọ̀ ní ó dùn mọ́ òun pé ẹnìkan ti ń lò ó.

Ibi tí ìwé ilé bá dé báyìí, mo mọ̀ pé owó ni o máa retí kí n tọrọ, ọwọ́ rẹ á ti máa lọ sórí fóònù. Má fi owó ránṣẹ́. Fi wọ mọ́tò. Tó bá ṣẹ́kù, ra bàtà tó fẹ̀ lójú fún bàbá rẹ, kí wọ́n lè rí nǹkan wọ̀ tí ẹ bá ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo ti yẹ ìlérí tí mo ṣe fún ọkọ mi, wọ́n lè bínú, kí wọ́n ṣáà wà láyé bínú sí mi.

Mo ti gbé àga padà síwájú pọ́ńpù. Bàbá rẹ wà lórí rẹ̀, wọ́n ní kí n kí ẹ, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ pọ́ńpù ṣì ni mò ń kọ. Tí o bá wo inú fóònù rẹ, àwọn ni wàá rí, o ò ní rí pọ́ńpù. Má pè mí pé kí n gbé e kúrò, torí mi ò ní gbé e. Ìwọ ni kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ gbé e.

Ọ̀nà á là fún ẹ, mọ́tò tí o bá wọ̀ á gbé ẹ délé láyọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá wọn lórí ìjókòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.